Richard Lander, Ẹni tí ó Tọ Odò Ọya dé Òkun

Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ orúkọ Odò Ọya, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ ìtàn Richard Lander. Ní ọdún 1804 ni a bí i ní Truro, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ onílé-èrò ni, kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, ó tẹ̀lé oníṣòwò kan la òkun já, láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbélé mọ́.

Ní ọdún 1825 ó bá Ọ̀gágun Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọ̀dọ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́ Ilé, níbi tí Aláàfin ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Àìsàn pa àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1827 Clapperton pàápàá kú nítòsí Sókótó. Lander sin ọ̀gá rẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó sì padà sí etí òkun. Ní Àgbádárìgì, àwọn Potogí tí ń ra ẹrú fi ẹ̀sùn amí kàn án, a sì fún un ní májèlé mu. Ó mu ún, ó sáré wọlé lọ bì í, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yè.

Ní ọdún 1830 ó tún padà wá, òun àti John àbúrò rẹ̀. Láti Bussa wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń bá odò lọ. Àwọn ọlọ́ṣà mú wọn lójú ọ̀nà, ẹrù wọn ṣòfò, títí ọba kan láti Brass fi rà wọ́n padà. Ní oṣù kọkànlá wọ́n dé òkun, iyàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ti ń jà nípa ibi tí odò náà parí sí sì tán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wí òtítọ́: àwọn atukọ̀ etí odò ti mọ ọ̀nà náà kí a tó bí Lander. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Lander kọ ọ́, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1832. Ní ọdún 1834 ìbọn bà á lórí odò yìí kan náà, ó sì kú ní Fernando Po, nígbà tí ó tó nǹkan bí ẹni 30 ọdún.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn àgbà wa mọ ọ̀nà púpọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa.