Edward Long, Olóko Ìrèké

Ní ọdún 1734, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ rẹ̀ ni Edward Long. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọdún 1757, bàbá rẹ̀ kú. Edward wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ sí Jàmáíkà. Jàmáíkà jẹ́ erékùṣù: òkun yí i ká. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe ìjọba ibẹ̀ nígbà náà. Ìdílé Long ní oko ìrèké ńlá kan níbẹ̀. Lucky Valley ni orúkọ oko náà.

Ta ni ó ń ṣiṣẹ́ oko náà? Kì í ṣe Edward. Àwọn ẹrú ni. Wọ́n kó wọn láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Jàmáíkà. Ouidah, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, ni àwọn mìíràn ti wọ ọkọ̀. Wọ́n ń gé ìrèké, wọ́n ń fún omi rẹ̀, wọ́n ń sè é di ṣúgà. Wọn kò gba owó iṣẹ́. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, a máa ń nà wọ́n. Àwọn olóko ni ó ń kó owó ṣúgà.

Edward di adájọ́. Ó wọ ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin ní Jàmáíkà. Ní ọdún 1768, ó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1769, ara rẹ̀ kò yá, ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1774, ó tẹ ìwé ìtàn Jàmáíkà jáde. Apá mẹ́ta ni ìwé náà. Ṣùgbọ́n ó pa irọ́ ńlá sínú rẹ̀. Ó ní aláwọ̀ dúdú kò lè gbọ́n tó aláwọ̀ funfun. Irọ́ yìí dùn mọ́ àwọn olóko, nítorí wọ́n fẹ́ máa lo ẹrú láì tijú.

Ní Jàmáíkà kan náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà, Francis Williams. Ó mọ ìwé gan-an. Ó ń fi èdè Látìn kọ ewì, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Edward tẹ ewì rẹ̀ kan sínú ìwé ìtàn náà. Ojú rẹ̀ rí ọgbọ́n Williams, ẹnu rẹ̀ kò jẹ́wọ́.

Ní ọdún 1807, òfin Gẹ̀ẹ́sì ka òwò ẹrú léèwọ̀. Edward kú ní ọdún 1813. Ní ọdún 1838, gbogbo ẹrú Jàmáíkà di òmìnira.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.