Isaac Fadoyebo, Ọmọ-ogun Bọ́mà

Ní Àpápá, ní ìlú Èkó, títì kan wà tí ń jẹ́ Burma Road. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láì bi ara wọn léèrè ohun tí ó pa Èkó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Bọ́mà, tí a ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ìhà Íńdíà àti Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànù jà. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1925 ni a bí i ní Èmùrè-Ilé, lẹ́bàá ìlú Ọ̀wọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1942, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá, bẹ́ẹ̀ ni kò fi lọ ìyá. Ogun a máa wu ẹni tí kò tíì rí i rí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni a fi í sí, lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ńlá ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 81. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, ẹgbẹ́ yìí wọ àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà. Kí wọ́n tó lè débẹ̀, àwọn tìkára wọn ni ó la ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75 gba àárín òkè àti aginjù. Níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, orí ni wọ́n fi ń ru oúnjẹ àti ọta ìbọn.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún náà, Fadoyebo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà létí odò, nítòsí abúlé kan tí ń jẹ́ Nyron, nígbà tí ìbọn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti inú igbó. Ọta kan fọ́ egungun itan rẹ̀, òmíràn sì bà á ní ikùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú lójú kan náà. Fadoyebo kò lè dìde. Àwọn ọ̀tá sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù. Àwọn wọ̀nyí ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró.

Àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ni ó ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbẹ̀yìn, àgbẹ̀ kan, Mùsùlùmí, tí ń jẹ́ Shuyiman, gbà wọ́n sínú ilé ara rẹ̀. Kò sí ẹbí láàárín wọn, kò sí ará. Èdè wọn kò dọ́gba, àwọ̀ wọn kò sì jọra. Shuyiman kì í ṣe olówó, aya àti ọmọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí àwọn ará Jàpáànù bá ká àwọn àlejò wọ̀nyí mọ́ ọn lọ́wọ́, ikú ni ì bá jẹ́ èrè rẹ̀. Síbẹ̀, kò tú àṣírí wọn. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó kọjá kí àwọn ọmọ-ogun Gurkha, tí wọ́n ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì, tó dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1944 tí wọ́n sì gbà wọ́n là.

Fadoyebo padà sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó ń tiro. Kò tìtorí èyí káwọ́ gbera. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́. Ó fẹ́ ìyàwó, ó bí ọmọ, ó sì fi òógùn ojú rẹ̀ tọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí owó kò lè san. Kò sí ọ̀nà tí ó fi lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Shuyiman, kò tilẹ̀ mọ̀ bí ó bá wà láàyè. Ohun tí ó lè ṣe ni ó ṣe: ó kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, kí orúkọ olóore rẹ̀ má bàa parun. A tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1999. Akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, gbọ́ ìtàn náà, ó sì gba lẹ́tà ọpẹ́ lọ́wọ́ Fadoyebo láti wá ìdílé Shuyiman kàn. Ní ọdún 2011, a gbé fíìmù kan jáde lórí ìrìn àjò yìí. Shuyiman ti kú kí lẹ́tà náà tó dé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á, wọ́n sì gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ni Isaac Fadoyebo kú, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 87. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Fadoyebo kò jalè yìí. Ó ju ọgọ́ta ọdún tí ọpẹ́ rẹ̀ fi wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dé ilé tí ó ń lọ.