Fẹlá Ṣówándé, Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó kọ orin fún ọ́kẹ́sítírà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí a bá dárúkọ Fẹlá, Aníkúlápó ni ọ̀pọ̀ ọmọdé máa ń rántí. Ṣùgbọ́n Fẹlá kan ti wà kí a tó bí ìyẹn, Ẹ̀gbá sì ni àwọn méjèèjì. Olúfẹlá Ṣówándé ni à ń wí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1905 ni a bí i. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, ó sì tún jẹ́ olórin ìjọ. Ní kékeré, Fẹlá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà ti Kristi ní Èkó, lábẹ́ Thomas Èkúndayọ̀ Phillips.

Ní 1934 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó bá lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o: kò ṣe é. Ọ̀nà kan kò sáà wọ ọjà. Ó ń bá àwọn oníjáàsì tẹ dùùrù kí ó lè rí owó jẹun, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin lọ. Ní 1943 ó gba oyè ní Royal College of Organists, pẹ̀lú ẹ̀bùn lórí rẹ̀. Láti 1945 títí di 1952, òun ni ó ń tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall.

Ní 1944 ni ó kọ African Suite, abala márùn-ún, fún àwọn ohun èlò olókùn. Abala kìíní ti ara orin Ephraim Amu ti Gánà jáde. Èkejì jẹ́ orin àárò ilé. Èyí tí ó kẹ́yìn, Akinla, ijó ni, ẹsẹ̀ yín kò ní dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ ti gbọ́ ọ tán bí ẹ bá gbọ́ ọ lórí fóònù. Fóònù kì í gbé ohùn àwọn fáólìn ńlá tí ń dún nísàlẹ̀ jáde dáadáa. Nínú gbọ̀ngàn, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bí gbogbo wọn bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan náà, àyà ni ẹ ó fi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ará Mowe àti Ìbàfò, ọ̀nà Ìbàdàn ni ẹ ó gbà wọ Èkó. Ẹ̀yin ará Ifọ̀, ọ̀nà Abẹ́òkúta. Oníkan ni gbọ̀ngàn MUSON wà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò ṣeré, kí ẹ sì tètè jáde nílé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má pàtẹ́wọ́ láàárín abala kan sí èkejì. Òǹdarí yóò kọjú sí yín bí ó bá parí.

Ṣówándé padà sílé ní 1953 láti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ó kọ Folk Symphony fún òmìnira wa ní 1960. Ó tún ṣe ìwádìí lórí Ifá ní Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí mo kà sí ohun ńlá fún ọmọ àlùfáà. Ní 1968 ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì ń kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State.

Ní March 13, 1987, ó kú ní Ravenna, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ohio náà ni wọ́n sin ín sí, ẹni tí ó kọ orin àárò ilé.