Anna Atkins, Obìnrin Tó Fi Oòrùn Tẹ Ìwé

Láti ọjọ́ tí a ti fi oòrùn tẹ àwòrán ewé sórí bébà, tí a sì fi ọ̀dà olómi kùn ún, ni wọ́n ti ń bi mí ní Karaworo níbí pé ta ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ṣe ìwé. Anna Atkins ni.

Tonbridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 16 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1799. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ fi kú. Bàbá rẹ̀, John George Children, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló tọ́ ọ, kò sì fi ẹ̀kọ́ dù ú nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Nígbà tí bàbá náà túmọ̀ ìwé Lamarck lórí ìkarahun, Anna ló ya àwòrán tó lé ní 200 sí i.

Ní 1825, ó fẹ́ John Pelly Atkins, oníṣòwò tó ní oko kọfí ní Jàmáíkà. Ẹ má jẹ́ ká fo ibẹ̀ o: ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ oko ní Jàmáíkà nígbà náà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ Anna gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ọdún 1841 ni ọkọ̀ tó gbé Àjàyí Crowther dé ibi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè, lẹ́bàá Lọ́kọ́ja wa níbí. Ọdún kejì rẹ̀ ni John Herschel, ọ̀rẹ́ ilé wọn, ṣàwárí ọ̀nà ìtẹ̀wé aláwọ̀ búlúù yìí. Ammonium ferric citrate àti potassium ferricyanide ni wọ́n ń fi omi pò, tí wọ́n á fi pa bébà níbi tó ṣókùnkùn. Bó bá gbẹ, wọ́n á to ewé lé e, wọ́n á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, ó di inú oòrùn. Ibi tí oòrùn kàn á di búlúù bíi aró. Ibi tí ewé bò á funfun lẹ́yìn tí wọ́n bá fi omi ṣàn án.

Ewé inú òkun ni Anna mú. Òmíràn tín-ín-rín ju irun lọ, ó sì ṣòro fọwọ́ yà. Apá kìíní ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 1843, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fọ́tò ṣe àwòrán inú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe é, àwòrán inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Kódà oòrùn ló fi tẹ ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ kọ síbẹ̀! Lẹ́yìn náà, òun àti Anne Dixon, tí wọ́n jọ dàgbà, jọ ṣe ti oríṣiríṣi ewé mìíràn.

Búlúù àti funfun náà ni Anna fi sílẹ̀. Àwa la fi ọ̀dà olómi kún tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, bébà tó nípọn ni kó lò, kó sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Àwọ̀ yẹ́lò lórí búlúù á di àwọ̀ ewé. Àmọ́ ṣọ́ra fún ọṣẹ o! Àwọn aláró wa ń lo omi eérú fún ẹ̀lú, ṣùgbọ́n omi eérú yẹn gan-an ló ń pa búlúù ti Herschel rẹ́.

Anna kò bímọ. Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Òkúdu 1871, kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn Herschel. A.A. péré ló kọ sínú ìwé rẹ̀, àwọn kan tó rí i lẹ́yìn ikú rẹ̀ sì rò pé ẹnì kan tí kò fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀ ló ṣe é.