James Van Der Zee àti Gaynella: Tọkọtaya tó fi fótò tọ́jú ìgbéyàwó àwọn ará Harlem

Bí ìgbéyàwó bá parí, oúnjẹ á tán, àwọn onílù á kó ìlù wọn lọ, aṣọ tuntun á padà sínú àpótí. Fótò ló máa ń ṣẹ́kù, òun sì ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa ń wò kí wọ́n tó mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. James Van Der Zee, onífótò aláwọ̀ dúdú tó gbé ní Harlem, nílùú New York, fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn èèyàn dúdú ṣe gbé ayé ní Harlem ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀.

Àmọ́ ọkùnrin náà kò dá iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1916 tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fótò, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gaynella Greenlee ni wọ́n jọ ṣí i. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni wọ́n fi wà pa pọ̀, nínú èrè àti nínú àdánù.

Olórin tó di onífótò

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1886 ni wọ́n bí James sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lenox, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, l'Amẹ́ríkà. Ilé tí wọ́n ti fẹ́ràn orin àti iṣẹ́ ọnà ni ilé wọn. Ó mọ dùùrù tẹ̀, ó sì mọ fáyólíìnì ta. Iṣẹ́ orin ló kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe fótò.

Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó ní, ẹ̀bùn ọjà títà ni. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tó bá ilé-iṣẹ́ kan ta àwọn àpò kéékèèké olóòórùn dídùn, kí wọ́n lè fún un ní kámẹ́rà. Ó ta ọjà tán, wọ́n sì fi kámẹ́rà ránṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kámẹ́rà ọ̀hún kò dáa rárá. Ẹlòmíì ì bá ti bínú, kó gbàgbé ọ̀rọ̀ fótò pátápátá. James ní tiẹ̀ wá owó, ó ra òmíràn. Àwọn ará ilé rẹ̀ àti ará ìlú ló fi kọ́ṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fọ fótò náà.

Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, ó kọrí sí New York. Kò sí iṣẹ́ tó wuyì tó ń dúró de ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ nígbà yẹn. Ó gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà nílé oúnjẹ, ó tún ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé alájà púpọ̀. Ó tún ń fi orin wá owó kún un. Lọ́dún 1907 ó fẹ́ Kate Brown, wọ́n sì bímọ, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin wọn kú ní kékeré. Nígbà tó yá, ìgbéyàwó náà tú ká.

Ní nǹkan bí ọdún 1915, ó ríṣẹ́ sí ìlú Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ní ẹ̀ka fótò. Yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fótò ni wọ́n fi í sí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Àmọ́ bí ọ̀gá kò bá sí nítòsí, òun ló máa ń ya àwọn oníbàárà. Kì í kánjú. Á tún ọwọ́ gbé, á yí orí díẹ̀, á tẹ́ aṣọ dáadáa kó tó tẹ kámẹ́rà. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń béèrè òun gan-an. Ọ̀gá kò fẹ́ràn àkókò tó ń lò lórí ẹnì kan, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń gbé lọ sílé. Ibẹ̀ ni James ti mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe wu òun, àfi kí òun ní ṣọ́ọ̀bù tòun.

Ṣọ́ọ̀bù eléèyàn méjì

Ó padà sí Harlem. Jennie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní iléèwé orin àti iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni James sì ti kọ́kọ́ ráyè gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òun àti Gaynella wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn lọ́dún 1916. Wọ́n pè é ní Guarantee Photo Studio, orúkọ tó ń ṣèlérí fún oníbàárà pé ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Àwọn méjèèjì padà di tọkọtaya.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ fótò ìgbéyàwó mọ̀ pé iṣẹ́ ẹnì kan kọ́ ni. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn tóbi, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń jókòó sí, onífótò á sì da aṣọ dúdú borí kó tó lè rí ohun tó ń yà. Ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ dúdú kò lè tún máa kí oníbàárà káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó gba owó, kó sì ṣètò ẹni tó kàn. Igi kan kì í dá igbó ṣe. James ló ń ya fótò, Gaynella sì ń bá a mójú tó òwò náà. Nígbà tó yá tí wọ́n kó lọ sí ilé tó tóbi jù ní Lenox Avenue, orúkọ tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù náà ni GGG, lẹ́tà orúkọ Gaynella. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ ló ń rí i.

Àkókò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ dára fún wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúdú ló ń sá kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà nítorí ìyà àti àìríṣẹ́, tí wọ́n ń ya wá sí àwọn ìlú ńlá ní àríwá. Harlem kún fọ́fọ́. Ẹni tó dé láti oko òwú, tó ríṣẹ́, tó ra kóòtù tuntun, fẹ́ fi fótò ránṣẹ́ sílé kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé nǹkan ti ń dára. Àwọn tó sì fẹ́ra wọn sílé ńkọ́? Wọ́n fẹ́ fótò tí wọ́n á gbé kọ́ sára ògiri.

Bí ó ṣe ń ya ìyàwó

Nínú ṣọ́ọ̀bù náà, aṣọ tí wọ́n ya àwòrán sí wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Òmíràn ní àwòrán ọgbà, òmíràn ní ibi ìdáná tí wọ́n fi ń yá ilé. Òdòdó wà níbẹ̀, àga tó dáa wà níbẹ̀. Tọkọtaya tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n sì dà bí onílé ńlá.

Lẹ́yìn tó bá ti yà wọ́n tán ni iṣẹ́ mìíràn tún kù. Ó máa ń fi ọwọ́ tún nẹ́gátíìfù ṣe: bí eyín ẹnì kan bá wọ́, á tọ́ ọ, bí ojú bá ní àpá, á mú un kúrò, ó tiẹ̀ máa ń ya ẹ̀gbà ọrùn tàbí òrùka sí ẹni tí kò ní in lára. Lójú tiẹ̀, kí oníbàárà rí ara rẹ̀ bó ṣe wù ú kó rí ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn fótò ìgbéyàwó tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni èyí tó pè ní Future Expectations, tó yà ní nǹkan bí ọdún 1926. Ìyàwó àti ọkọ jókòó pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lára wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ọmọbìnrin kékeré kan wà tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òjìji. Ọmọ náà kò sí nínú yàrá nígbà tí James ń ya tọkọtaya náà. Ọmọ tí wọ́n ń retí láti bí ni, òun ló fi nẹ́gátíìfù mìíràn tẹ̀ ẹ́ mọ́ tiwọn. Fótò ìgbéyàwó wá di àdúrà.

Irú ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onífótò ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífótò a máa ya èyí tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sórí fótò kan kí àwọn méjèèjì lè wà níbẹ̀. Ọ̀kan mú ẹni tó ti lọ padà, èkejì pe ẹni tí kò tíì dé.

Ayọ̀ àti ọ̀fọ̀

Kì í ṣe ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ń pè é sí. Lọ́dún 1924, òun ni onífótò ẹgbẹ́ UNIA ti Marcus Garvey, tó ya ìwọ́de àti ìpàdé wọn. Ó ya Bill Robinson, oníjó tó lókìkí, ó sì ya Adam Clayton Powell. Lọ́dún 1932 ó ya ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n wọ kóòtù onírun pẹ̀lú mọ́tò Cadillac wọn. Ìgbà ọ̀wọ́n owó ni gbogbo Amẹ́ríkà wà lákòókò náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo fótò náà kò lè mọ̀.

Wọ́n tún ń pè é síbi òkú. Àwọn ẹbí fẹ́ fótò ìkẹyìn, ó sì máa ń tẹ àwòrán áńgẹ́lì mọ́ ọn kí ojú wọn lè fúyẹ́. Nígbà tí Rachel, ọmọbìnrin tòun fúnra rẹ̀, kú ní ọ̀dọ́, James ló ya fótò rẹ̀ nínú pósí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà yí padà. Kámẹ́rà kékeré ti dé, kò sì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó lè ya ìyàwó fúnra rẹ̀. Ìgbéyàwó tí wọ́n ń pe James sí dín kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fótò ìwé ìrìnnà, ó tún ń bá àwọn èèyàn tún fótò àtijọ́ tó ti ṣá ṣe. Òun àti Gaynella ń darúgbó lọ, gbèsè ń pọ̀. Àmọ́ wọn kò da nẹ́gátíìfù nù. Inú àpótí ni gbogbo rẹ̀ wà, iṣẹ́ àádọ́ta ọdún.

Ọdún 1969

Lọ́dún 1967, Reginald McGhee, tó ń wá fótò fún àfihàn kan nípa Harlem, wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì bá àwọn àpótí yìí. Nígbà tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ńlá ti Metropolitan ní New York ṣí àfihàn náà, Harlem on My Mind, ní oṣù Kìíní ọdún 1969, fótò Van Der Zee ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ṣe ìwọ́de lòdì sí àfihàn náà nítorí wọn kò kó àwòrán àfọwọ́yà tiwọn síbẹ̀. Àmọ́ orúkọ onífótò àgbàlagbà náà tàn kálẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún 82.

Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n lé òun àti Gaynella jáde nílé wọn ní Lenox Avenue. Ara ìyá arúgbó náà kò padà sípò mọ́. Ó kú lọ́dún 1976.

Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì

Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 1978, James fẹ́ Donna Mussenden, obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí púpọ̀. Òun náà wá di alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ilé ṣe, ó tún ètò iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì gbà á níyànjú pé kó tún gbé kámẹ́rà. Bàbá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé bá tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Muhammad Ali wá jókòó fún un. Jean-Michel Basquiat, ọ̀dọ́ ayàwòrán, náà wá lọ́dún 1982.

James Van Der Zee kú nílùú Washington lọ́jọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1983, kò pẹ́ rárá lẹ́yìn tí Yunifásítì Howard fi oyè dókítà dá a lọ́lá níbẹ̀. Ọmọ ọdún 96 ni. Lọ́dún 2021, ilé Metropolitan àti Studio Museum ní Harlem kéde pé àwọn ti jọ gba ẹrù iṣẹ́ rẹ̀: nǹkan bí 20,000 fótò àti 30,000 nẹ́gátíìfù.

Ìsàlẹ̀ fótò ni James máa ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ iṣẹ́ rẹ̀ títí dòní. Ti Gaynella kò sí lára fótò. Ara ṣọ́ọ̀bù ni tiẹ̀ wà, níbi tí ìyàwó tuntun ti máa rí i kó tó wọlé.