Ta ni César Milstein, ọmọ Argẹntínà tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àyẹ̀wò jẹjẹrẹ títí dòní?

Bí wọ́n bá gé díẹ̀ lára kókó inú ọmú lọ fún àyẹ̀wò, ohun kan wà tí dókítà sábà máa ń fẹ́ mọ̀: ṣé kíákíá ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń pín, àbí díẹ̀díẹ̀? Ojú lásán ò lè rí i. Áńtíbọ́dì ni wọ́n fi ń wá a, César Milstein sì wà lára àwọn tó ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 1927 ni wọ́n bí i ní ìlú Bahía Blanca, lórílẹ̀èdè Argẹntínà. Júù tó ṣí wá láti Ukraine ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí, César ló wà láàárín. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà kàwé.

Ó lọ sí Fásitì Buenos Aires, ó sì fẹ́ Celia, aya rẹ̀, lọ́dún 1953. Lẹ́yìn tó gboyè ọ̀mọ̀wé nílé, ó tún gba òmíràn ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1960. Ó wá padà sílé, wọ́n sì fi í ṣe olórí ẹ̀ka kan ní Instituto Malbrán ní Buenos Aires.

Àmọ́ kò pẹ́ tí nǹkan fi dàrú. Lọ́dún 1962, àwọn ológun fipá gbàjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn onímọ̀ ibẹ̀ níṣẹ́. Milstein ò lè máa wò wọ́n níran. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì padà sí Cambridge lọ́dún 1963. Frederick Sanger ló gbà á nímọ̀ràn níbẹ̀ pé kó dojú kọ áńtíbọ́dì.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Áńtíbọ́dì ni ọmọ ogun tí ara ń pèsè láti mú àlejò búburú. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dì mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oríṣiríṣi wọn ló dàpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè wọn kì í sì í pẹ́ kú nínú láàbù. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní tiẹ̀ kì í ṣíwọ́ pípín.

Lọ́dún 1975, Milstein àti Georges Köhler, ọ̀dọ́ onímọ̀ láti Jámánì, so sẹ́ẹ̀lì méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Láti ara èkúté ni wọ́n ti mú wọn. Èyí tó jáde jogún ìwà méjèèjì: ó ń pèsè áńtíbọ́dì irú kan ṣoṣo, kò sì kú.

Wọ́n fi tó ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì létí, bóyá wọ́n á gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Iléeṣẹ́ ìjọba tó yẹ kó ṣe é dáhùn pé àwọn ò tíì rí ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Bó ṣe bọ́ nìyẹn o. Àwọn mìíràn ló wá fi ọ̀nà náà pa owó ńlá. Ní ti Milstein, ó máa ń fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ tó bá béèrè.

Lọ́dún 1983, àwọn onímọ̀ ní ìlú Kiel, Jámánì, fi ọ̀nà yìí ṣe áńtíbọ́dì kan tó máa ń dì mọ́ púrótéènì inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pín, àmọ́ tí kì í rí nǹkan dì mọ́ nínú èyí tó ń sinmi. Wọ́n pè é ní Ki-67: Ki láti ara Kiel, 67 sì ni nọ́ńbà ihò tó ti jáde nínú àwo láàbù. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń yẹ kókó ọmú wò. Irú áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń wá p53, púrótéènì tó máa ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró kó má pín bí nǹkan bá ti bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1984, Milstein, Köhler àti Niels Jerne jọ gba àmì ẹ̀yẹ Nobel. Köhler kú lọ́dún 1995, lẹ́ni ọdún 48. Ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 2002 ni Milstein kú ní Cambridge, lẹ́ni ọdún 74. Ẹni tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò ọmú lónìí lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là ni wọ́n ń tọ̀ kí èsì yẹn tó jáde.