Martin Luther King: Akọni tó ru ẹrù tó wúwo
Ìlú Atlanta lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Martin Luther King sí lọ́dún 1929. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà kú. Ìbànújẹ́ mú kó fò bọ́ láti òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n orí kó o yọ. Nígbà tó di aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣì ń bá a fínra. Ọsibítù ló ti ń sinmi lọ́dún 1964 nígbà tí ìròyìn ẹ̀bùn Nobel kàn án lára. Lọ́dún 1966, ó sọ ní Chicago pé kò sí ìrẹ́jẹ tó burú tó ti ìlera. Wọ́n yìnbọn pa á ní Memphis lọ́dún 1968. Ẹni tó ń gbé ẹrù aráyé, tiẹ̀ náà wúwo lọ́kàn rẹ̀.